Àga Méjìlélógójì Tí Mo Pa

Èmi ni mo ṣe é. Kí n tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, torí èébú tó wà nílẹ̀ pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo pín in tán mo gbàgbé tèmi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ẹ̀mí lára àga ọ́fíìsì méjìlélógójì, ìdí mi yìí ni mo sì fi wọn gbogbo wọn. Ìdí náà rèé, kò sá lọ síbì kan. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ sá, ó máa pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ní Addo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láàárín obìnrin tó ń ta gáàsì ìdáná àti Lateef wẹ́dà. Ọkọ mi ló ni iṣẹ́ náà. Àga onípákó ló ń kàn nígbà tí ọ̀nà Ajah ṣì jẹ́ yanrìn lásán. Nígbà tí ẹ̀sìtéètì dé, tí ọ́fíìsì tẹ̀lé e, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àga tó ń yí ṣe. Ó kú, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọjọ́ kan ni oníbàárà kan gbé àga dé pé ó ń rì mọ́ òun nídìí, mo fi ìborùn nu ojú, mo mú sípánà. Ọdún kẹtàlá rèé. Màmá Bọ̀sún ni wọ́n ń pè mí, kò sì sí àga tó ń yí láti Addo dé Lákòwé tí mi ò lè tú palẹ̀ kí gààrí tó rin.

Ẹni tó bá ń jókòó lórí àga bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í wo abẹ́ rẹ̀. Èmi, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Ọ̀pá dúdú kan wà láàárín tí à ń pè ní gáàsì, òun ló ń gbé ènìyàn sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan jókòó lé e lórí, ó yọ ọwọ́ kéékèèké síta: o fa ọ̀kan, àga á ga tàbí kó rẹlẹ̀, o fa èkejì, ẹ̀yìn àga á tú sílẹ̀ kó o lè fara tì í. Kókó kan sì wà níwájú tí à ń yí kí ẹ̀yìn náà le fún ẹni tó sanra, kó rọ̀ fún ẹni tó gbẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ ro irú àga yìí mọ̀ pé Ọlọ́run kò fi ìwọ̀n kan ṣoṣo dá wa. Òmùgọ̀ bíi tèmi ni kò mọ̀.

Ọ̀gá Ọláníyan ló wá bá mi, ó kó àga àkọ́kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní òun ni òun ń darí ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Jákáńdè, níbi tí àwọn ọmọ tó kàwé ti ń jókòó láti àárọ̀, tí wọ́n ń gbé fóònù àwọn tínú ń bí: ẹni tí ẹ̀rọ báńkì gbé owó rẹ̀ mì, ẹni tó ra iná tí iná kò wọlé. Ó ní wọ́n ń fara ti ẹ̀yìn àga sùn. Ó ní ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ti òkè òkun dé lójijì, ó bá àwọn méjì tí wọ́n na ara bí aláboyún. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ èyí tó ń dùn ún gan-an. Ọmọbìnrin kan fa àga rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó jókòó, Ọ̀gá dúró tì í, ojú wọn dọ́gba.

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìrìn àjò náà kò gùn. Èmi náà kò ga, àwa méjèèjì lè bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láì lóṣòó, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ní ayé ti bàjẹ́. Mo ní nígbà tiwa, ọmọdé kì í gun àpótí jókòó nígbà tí àgbà bá wà lórí ẹní. Mo sọ̀rọ̀ títí, inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹni tó lóye bíi tèmi ni òun ń wá. Ó fẹ́ kí gbogbo àga wà ní gíga kan náà, kí ẹ̀yìn wọn dúró ṣánṣán bí ògiri, kí ọwọ́ irin kankan má sì kù lábẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni máa fà. Ó ní kí n kó gbogbo gáàsì tí mo bá yọ, òun kò nílò wọn mọ́. Mo yọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Tí gáàsì àga bá kú, tí olówó rẹ̀ kò sì fẹ́ ra òmíràn, a máa ń fi páìpù irin rọ́pò rẹ̀, kí àga náà má rì mọ́. Òkú là ń ṣe é fún. Àwọn méjìlélógójì yìí wà láàyè.

Lateef gbé ẹ̀rọ ìgé-irin rẹ̀ jáde, ó bi mí pé báwo ni kí páìpù ṣe gùn tó. Mo jókòó sórí àga kan, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kó dọ́gba, ara tù mí, mo ní kó wọn ibẹ̀ yẹn.

"Màmá," ó ní, "ẹsẹ̀ yín kọ́ ni ẹsẹ̀ gbogbo ayé o."

Mo dá a lóhùn pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi ti lékeléke kò gbọdọ̀ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé e. Mo fi bóòtù, ìṣó onírin tí à ń fi sípánà dè, gún irin ẹ̀yìn kí ó má lè tú sílẹ̀ mọ́, mo bọ́ gbogbo ọwọ́ irin, mo sì fi ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lára géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa kun àwọn páìpù náà kí wọ́n má dípàtà. Wọ́n dára lójú mi. Ọkọ̀ wọn ló ń gbé wọn wá, òun ló ń gbé wọn padà. Mi ò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà kí ọmọ ọmọ mi tó ríṣẹ́. Tolúwani ni. Bọ̀sún ló bí i, àkọ́bí mi, tó ń wa kátápílà ní Free Zone Lẹ́kkí, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù là ń rí i. Ọ̀dọ̀ mi ní Addo ni ọmọ náà ń gbé. Gíga bàbá bàbá rẹ̀ ló jogún. Tó bá wọ ilé mi, àtẹ́rígbà ló kọ́kọ́ máa ń kí. Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi wáṣẹ́, nígbà tó rí i, ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ̀, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi dán an wò, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi máa jáde. Ó ní fóònù ni àwọn ń gbé. Mi ò bi í pé níbo, mi ò bi í pé ta ni ọ̀gá wọn. Ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Lẹ́kkí pọ̀ ju ẹ̀fọn lọ.

Oṣù kẹta ni ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, á di ara ògiri mú kó tó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń kú. Mo fi í ṣẹ̀sín. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, o fẹ́ bá mi du ipò ìyá àgbà nínú ilé yìí ni? Mo fi òrí pa ìbàdí rẹ̀, mo ní iṣẹ́ ìjókòó ló fẹ́ máa rẹ ẹni tí kò gbé omi rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ, mo ń fọwọ́ ra ohun tí ọwọ́ náà bà jẹ́.

Títí ó fi ṣubú ní balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ní òun gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dáhùn.

Ní ọsibítù, obìnrin tó ń tọ́jú eegun tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó bi í léèrè bó ṣe ń jókòó níbi iṣẹ́. Tolúwani jókòó sórí àpótí kékeré kan láti fi hàn án, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmú. Obìnrin náà ní iṣan kan láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ìjókòó yẹn ń fún lọ́rùn. Tó bá jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi parí, ẹsẹ̀ yẹn lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kó gbé àga rẹ̀ ga títí itan rẹ̀ á fi tẹ́, kó sì tú ẹ̀yìn àga náà sílẹ̀ díẹ̀. Tolúwani ní àga àwọn kì í ga, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í tú.

Ibi tí mo ti jágbe mọ́ obìnrin náà nìyẹn. Mo ní ọmọ mi kò mọ ohun tó ń sọ, iṣẹ́ mi ni, kò sí àga ọ́fíìsì tí kì í ga láyé yìí àfi tí aláìmọ̀kan kan bá ti bà á jẹ́. Tolúwani ní bóyá aláìmọ̀kan náà ni o, torí páìpù ló wà níbi gáàsì tàwọn. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi àwòrán ọjọ́ ìbí rẹ̀ hàn mí, èyí tí wọ́n yà fún un ní ìdí tábìlì. Òun ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀, páìpù aláwọ̀ ewé.

Mo mọ ọwọ́ mi bí mo ṣe mọ ojú Bọ̀sún. Ẹnu mi, tí kò pa mọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, pa mọ́.

Ilé ìdáná ni mo ti sọ fún un nírọ̀lẹ́. Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin?" Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan bú padà.

Mo ní màá lọ bá Ọláníyan lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà yẹn ló gbé àwo kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí lẹ́tà òun jáde. Ó ní Blessing tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun gbé tìmùtìmù wá láti ilé kí ó lè ga díẹ̀, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fà á yọ lábẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Blessing kò fi sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fara dà á, tí wọ́n bá ti gba òun tán, òun á rí ẹnu sọ̀rọ̀. Mo ní tí wọ́n bá gbà ọ́ tán tí ẹsẹ̀ rẹ ti lọ ńkọ́? Ó ní ẹsẹ̀ òun ni. Mo ní irọ́ ni, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni, ọwọ́ rẹ̀ lo ti jogún rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí àgbà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Ọláníyan lórí fóònù, mi ò dárúkọ ọmọ kankan. Mo ní mo ti ronú sí iṣẹ́ yẹn, kò tọ́, kí ó kó àwọn àga náà padà wá, màá tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ mi dára, látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó sùn mọ́. Mo ní ó lè máa dun ẹlòmíràn. Ó ní kí ni ẹ̀yìn ríro ń ṣe lára ọmọdé, ẹni tó bá ń dùn mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ kan dé e.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe é o. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí ẹ ṣe ń bá mi ṣe àmín?"

Mi ò gbàgbé. Òótọ́ tó bá ti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde a máa rùn ju irọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń dá a lóhùn nínú ilé. Mo ń fọ abọ́, mo ń bú u. Mo ń bú ara mi tẹ̀ lé e. Mo bú Lateef pé kí ló dé tí kò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lateef ní òun kọ̀, mo pe òun ní lékeléke. Èmi náà rántí, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò.

Lọ́jọ́rú, mo lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú sùtánà, mo fẹ́ gbàdúrà, orúkọ Ọláníyan nìkan ló ń yọ sí mi lẹ́nu. Mo rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ń dá níwájú pẹpẹ, mo dìde. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo gbé àpò irin iṣẹ́, mo ki gáàsì kan bọ abíyá, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ Jákáńdè. Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde náà ni: funfun láti orí dé ilẹ̀, láì wọ bàtà.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì rí mi, ó ṣí fìlà. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà òkè dìde, ó fi ìbẹ̀rù bi mí bóyá Olúwa ló rán mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ àga lójú ayé mi, mi ò tíì rí ohun tí mo rí nínú yàrá yẹn. Gbogbo wọn jókòó ní gíga kan náà, bí ẹyin nínú kíréètì. Ẹni tó ga, orúnkún rẹ̀ wà lókè. Ẹni tó sanra, ẹ̀yìn àga ń tì í ṣubú síwájú. Tábìlì wọn ga ju ọwọ́ wọn lọ, kálukú gbé èjìká sókè bí igún tí òjò pa, wọ́n ń fi ohùn dídùn sọ fún ẹni tó ń bú wọn pé kó má bínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Victor fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù láti ibẹ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tù ú lára ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ.

Lẹ́yìn gíláàsì, ní iwájú gbogbo wọn, ni Ọ̀gá Ọláníyan wà. Àga tirẹ̀ ga, aláwọ, ó ní ibi ìgbórílé. Ọwọ́ irin rẹ̀ pé. Ó ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ó fara tì í, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ojú rẹ̀ pa dé.

Ìbínú tó gbé mi nígbà yẹn, mi ò lè ròyìn rẹ̀.

Ìdí gíláàsì náà gan-an ni tábìlì Tolúwani wà. Ó rí mi, ó mi orí pé rárá. Mo ní kó dìde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù rẹ̀, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní dìde. Ó dìde, ó di tábìlì mú kí ẹsẹ̀ òsì tó gbé e.

Mo gbé àga rẹ̀ dojú kọ gíláàsì, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ kí n lè rí abẹ́ rẹ̀. Orúnkún mi àti ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́, mo lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Mo tú bóòtù àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ sẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe, torí bóòtù tó bá bọ́ sílẹ̀ lójú mi yìí ti lọ nìyẹn. Mo tú ìkejì, mo sọ ọ́ sẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé gbogbo yàrá ti dákẹ́.

Ẹ wò ó bó ṣe rí lójú wọn. Ìyá arúgbó, onísùtánà, láì wọ bàtà, kúnlẹ̀ sí iwájú ọkùnrin tó lè bí. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń mi orí, ó ń gbọn ọwọ́. Wọn ò rí sípánà tó wà lábẹ́ aṣọ. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé lásán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí bá kúnlẹ̀ fún tí kò tètè gbé e dìde, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ lórí òun.

Ọ̀gá Ọláníyan jáde bí ẹni tí ilé ń jó. Ó ní kí n dìde. Bóòtù méjì wà lẹ́nu mi, mi ò lè fèsì. Mo kàn kùn. Ó rò pé èpè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ní iwájú àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rù rẹ̀, pẹ̀lú táì rẹ̀.

"Màmá, ẹ má fi mí gégùn-ún," ó ní. "Mo níyàwó, mo bímọ. Ohun tí ẹ bá fẹ́, màá ṣe é."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó yẹ kí n ti sọ nígbà yẹn pé abẹ́ àga ni mo ń lọ. Ẹni tó bá ní ìwà tútù á sọ bẹ́ẹ̀. Mo rọra tu bóòtù méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, mi ò dìde. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé orúnkún ti há, mi ò lè dìde.

"Gbogbo àga," mo ní.

"Gbogbo wọn, Màmá."

"Ẹ̀yìn wọn náà."

"Ẹ̀yìn wọn náà, Màmá, ẹ dìde."

Mo ní kò tíì tán. Láti orí orúnkún yẹn ni mo ti sọ fún gbogbo ilé pé èmi ni mo gé páìpù, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dárí jì mí. Victor fọwọ́ pa ìbàdí, ó ní Màmá, Ọlọ́run máa bi yín o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbínú kò tíì tán nínú mi, mo yíjú sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Ọláníyan, àgbà tó jẹ́ pé àga ló fi ju ọmọdé lọ, tí wọ́n bá gbé àga kúrò ńkọ́?"

Obìnrin kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, Ṣèyílọ́lá, ló wá gbé mi dìde. Bóòtù kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó mú un nílẹ̀, itọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀. Ó wò ó. Ó wo sípánà. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, tó ń gbọn eruku kúrò lára táì. Ó fi bóòtù náà lé mi lọ́wọ́, ó ní Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú.

Mo kọ́kọ́ parí ti Tolúwani. Mo ki gáàsì bọ̀ ọ́, mo dá ọwọ́ irin padà, mo ní kó jókòó, mo fà á sókè títí itan rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, mo yí kókó iwájú kí ẹ̀yìn gbà á mọ́ra. Ó fara tì í. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mí, èémí tó ti wà nínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Mo padà lọ́jọ́bọ̀. Mo ti fi gáàsì mẹ́tàlá ṣe àga oníbàárà mìíràn, ìyẹn sì jẹ́ ojúkòkòrò tí màá jẹ́jọ́ rẹ̀ níbòmíràn, mo ń lo àwọn tó ṣẹ́kù nínú àpò. Kálukú ń jókòó, mo ń fa irin, mo ń bi í pé ibí ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ẹ kan ilẹ̀, ṣé èjìká ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìwọ̀n méjì tó dọ́gba. Ọ̀gá Ọláníyan ń kọjá, ó ń tẹrí ba fún mi, ojú rẹ̀ ń wo ògiri. Wọ́n ń dákẹ́ tó bá wọlé, tó bá jáde tán, ẹnìkan á sọ pé táì, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti darúgbó tó láti mọ̀ pé ọkùnrin tí wọ́n ń fi dídọ̀bálẹ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín yóò wá ẹni tó máa san án fún òun. Mi ò ronú kàn án. Mo ń gbádùn ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọ̀sán, mo wà lábẹ́ àga Victor, ìkẹrìnlá ni. Ṣèyílọ́lá pe Tolúwani wọ yàrá kan. Kò pẹ́. Ó jáde pẹ̀lú àpòòwé funfun lọ́wọ́, ó lọ tààrà sí ìdí tábìlì rẹ̀, ó ń kó ife rẹ̀ àti ṣájà rẹ̀ sínú àpò. Mo ti rí i kó tó sọ. Ó ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, wọn ò ní lè bá òun tẹ̀ síwájú. Mo ní kí ló fà á. Ó ní wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe dìde, orúnkún kò dùn mí rárá lọ́jọ́ yẹn. Mo gbá ilẹ̀kùn gíláàsì, Ọláníyan ti tì í, ó ti jáde láti ìdajì wákàtí. Àga aláwọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Mo yíjú sí Ṣèyílọ́lá, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní Màmá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Mo bú u. Mo bú Ọláníyan láti orí ìyá tó bí i dé orí táì tó wọ̀. Mo kó sípánà sínú àpò, mo kó òòlù, mo ní mi ò ní tú bóòtù kan mọ́ nínú ilé burúkú yìí, àwọn páìpù tó kù, kí wọ́n wà níbẹ̀ títí wọn á fi dípàtà.

Àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tí mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn gbé èjìká sókè, wọ́n ń wò mí. Fóònù ń dún lórí tábìlì, wọn ò gbé e.

Tolúwani fi àpò kọ́ èjìká. Ó wá dúró lórí mi, gígùn gbọọrọ, ó gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Victor.

"Ẹ parí iṣẹ́ yín, Màmá," ó ní. "Tí ẹ bá ṣe tán, kí ẹ tún àga mi yẹn wò dáadáa. Ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mi ò mọ bí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣe gùn tó."